John Wesley Hyatt: Atẹ̀wé tó ń wá arọ́pò eyín erin, tó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ ike

Nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ìgbàlódé, páìpù ike wà tí omi ń gbà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Omi náà ni wọ́n fi ń dá ihò sínú àwọn kan lára wọn. Wọ́n á ti ike tó ti yọ́ sínú mọ́ọ̀dù, wọ́n á wá fi omi alágbára gún un láàárín. Omi á ti ike gbígbóná sẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì mú un tutù kíákíá.

Ẹni tó fi ẹ̀rọ ti ike sínú mọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ ṣáájú ti kú láti ọdún 1920.

Ta ni Hyatt?

Wọ́n bí John Wesley Hyatt ní Starkey, ìpínlẹ̀ New York, l'Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 28, oṣù kọkànlá, ọdún 1837. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ló kọ́, kì í ṣe kẹ́místrì.

Láyé ìgbà náà, eyín erin láti Áfíríkà àti Éṣíà ni wọ́n fi ń gbẹ́ bọ́ọ̀lù bílíádì. Erin ń kú, eyín rẹ̀ sì ń wọ́n sí i. Ilé iṣẹ́ kan ní New York wá ṣèlérí 10,000 dọ́là fún ẹni tó bá rí arọ́pò rẹ̀. Ìlérí yìí ló fa Hyatt sínú ìwádìí.

Òun àti Isaiah, ọmọ ìyá rẹ̀, po káńfọ̀ mọ́ òwú tí wọ́n ti rẹ sínú ásíìdì. Wọ́n gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí rẹ̀ ní 1870, wọ́n sì pè é ní celluloid. Ní 1872, wọ́n gba òmíràn lórí ẹ̀rọ tó ń yọ́ ike, tó sì ń tì í jáde bí nọ́ọ̀sì ṣe ń ti oògùn jáde nínú abẹ́rẹ́.

Ẹjọ́ àti ọlá

Òwò eyín erin kò tìtorí èyí dáwọ́ dúró, celluloid náà sì máa ń tètè gbiná. Daniel Spill láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún pe ilé iṣẹ́ wọn lẹ́jọ́. Ní 1884, adájọ́ ní Alexander Parkes, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, ló ṣáájú nínú ìmọ̀ ọ̀hún, àmọ́ ilé iṣẹ́ náà lè máa bá iṣẹ́ lọ.

Hyatt tún ṣiṣẹ́ lórí sísẹ́ omi mímu, ó sì dá ilé iṣẹ́ bẹ́árìn sílẹ̀. Ní 1914, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Perkin. Ọjọ́ 10, oṣù karùn-ún, 1920 ló jáde láyé ní New Jersey, lẹ́ni ọdún 82.

Àga ike, ìdérí ìgò, páìpù ọkọ̀: títí dòní, kí ike yọ́, kí wọ́n tì í sínú mọ́ọ̀dù ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ wọn. Ojú ọ̀nà tí atẹ̀wé yìí là ni omi náà gbà wọlé.