Hideyo Noguchi: Onímọ̀ tó wá ìdí àrùn ojú lára ọ̀bọ, tí ọlọ́jọ́ dé bá ní Accra

Ojú lọba ara, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Kò sí àgbẹ̀ kan ní Ìwéré-Ilé, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìwájọ̀wà, àti ní gbogbo Òkè-Ògùn, tí kò mọ̀ pé ẹni tí ojú rẹ̀ bá fọ́, oko rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di igbó nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé kí oògùn tó dé ọwọ́ èèyàn, ara ẹranko ló ti kọ́kọ́ gbà kọjá. Oògùn Mectizan tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìgbèríko nítorí àrùn afọ́jú etí odò, àwọn ẹran ọ̀sìn bíi màlúù àti ẹṣin ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò ó fún, kí ó tó di oògùn èèyàn ní 1987. Nínú àwọn tó fi ọjọ́ ayé wọn ṣe irú iṣẹ́ ìwádìí bẹ́ẹ̀, agbára káká ni a fi lè rí ẹni tí ìtàn rẹ̀ kún fún ẹ̀kọ́ tó ti Hideyo Noguchi, ọmọ ilẹ̀ Jàpáánù tó kú sí Accra ní 1928.

Oṣù Kọkànlá ọdún 1876 ni wọ́n bí i ní Inawashiro, ní ẹkùn Fukushima. Seisaku ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ó ti di géńdé kó tó yí i padà sí Hideyo. Àgbẹ̀ tálákà ni àwọn òbí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ fẹ́ràn ọtí, ìyá rẹ̀, Shika, ló ru ẹrù ilé náà. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún méjì tó fi ṣubú sínú ààrò tí wọ́n ń dáná sí láàárín ilé. Iná jó ọwọ́ òsì rẹ̀, àwọn ìka rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ra wọn. Níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ yẹn kò ti lè di ọkọ́ mú, ìyá rẹ̀ pinnu pé ìwé ni yóò kà. Olùkọ́ kan, Kobayashi Sakae, rí ọgbọ́n orí ọmọ náà, ó sì ràn án lọ́wọ́. Ní 1892, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá owó jọ kí dókítà lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọwọ́ náà. Kò padà bọ̀ sípò tán, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni Noguchi ti pinnu pé òun náà yóò di dókítà. Ní 1897, kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ dáadáa nígbà tó yege ìdánwò ìjọba.

Nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n Amẹ́ríkà kan, Simon Flexner, ṣe àbẹ̀wò sí Jàpáánù ní 1899, ọ̀rọ̀ ìyànjú díẹ̀ ló bá Noguchi sọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kà á sí ìpè. Ní ìparí 1900, Flexner kàn rí i lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní Philadelphia ni, láìsí owó, láìsí iṣẹ́. Oró ejò ni Flexner fi lé e lọ́wọ́ láti ṣe ìwádìí lé lórí, ó sì ṣe é débi tí orúkọ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Ní 1904 ó wọ ilé ìwádìí Rockefeller ní New York, níbẹ̀ ló sì ti ṣiṣẹ́ títí tó fi kú. Wọn kì í rí i kó sùn lóru. Ní 1913, ó rí kòkòrò àrùn syphilis nínú ọpọlọ àwọn tí àrùn náà ti sọ di wèrè. Iṣẹ́ yẹn dúró títí di òní, wọ́n sì dárúkọ rẹ̀ fún ẹ̀bùn Nobel lẹ́ẹ̀kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ọ̀nà rẹ̀ kò ṣàìní ẹ̀gún. Lọ́dún 1912, àwọn tó tako fífi ohun ẹlẹ́mìí ṣe ìwádìí pariwo rẹ̀ síta pé ó dán ohun àyẹ̀wò syphilis rẹ̀ wò lára àwọn aláìsàn àti ọmọdé tí ara wọn le, láìgba àṣẹ àwọn alágbàtọ́ wọn. Wọn kò gbé e lọ sílé ẹjọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ọ̀rọ̀ náà gbé dìde nípa ẹ̀tọ́ aláìsàn kò tíì kúrò nílẹ̀.

Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ìgbà náà ń tẹ̀lé rọrùn láti sọ. Wọn yóò wá kòkòrò àrùn lára aláìsàn, wọn yóò sìn ín nínú ìgò, wọn yóò fi í sára ẹranko tí ara rẹ̀ le. Bí ẹranko náà bá ṣe àìsàn kan náà, ọwọ́ ti ba ọ̀daràn nìyẹn. Ibi tí wàhálà wà ni pé kì í ṣe gbogbo àrùn èèyàn ni ẹranko máa ń kó, àwọn ẹranko mìíràn sì lè ṣe àìsàn tó jọ ti èèyàn, kó má sì jẹ́ òun. Inú kòtò yìí ni Noguchi ṣubú sí.

Ní 1918 ó lọ sí Guayaquil ní Ecuador, níbi tí ibà pọ́njú ti ń pa èèyàn. Ó gún ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn sára ẹranko kékeré bí eku tí wọ́n ń pè ní guinea pig, ó rí kòkòrò àrùn kan, ó sì kéde pé òun ti mú ẹni tó ń dá ibà náà sílẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára láti inú rẹ̀. Ìgbẹ̀yìn ló hàn pé àrùn mìíràn tí ìtọ̀ eku ń tàn kálẹ̀ ni kòkòrò náà ń fà, tí òun náà máa ń sọ ojú di pípọ́n.

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí àrùn ojú gan-an. Trachoma ni wọ́n ń pè é. Ọwọ́, aṣọ ìnujú àti eṣinṣin ló ń gbé e láti ojú dé ojú. Bí ó bá ń padà wá lemọ́lemọ́, inú ìpéǹpéjú yóò di àpá, irun rẹ̀ yóò yí sínú, yóò sì máa ha ẹyinjú títí tí yóò fi fọ́. Kò sí ẹni tó tíì mọ kòkòrò tó ń fà á nígbà náà. Ní 1926, Noguchi lọ sí New Mexico ní Amẹ́ríkà, níbi tí àrùn náà ti ń ba ojú àwọn ọmọ onílẹ̀ jẹ́. Ó mú kòkòrò àrùn kan jáde láti ojú wọn, ó sọ ọ́ ní Bacterium granulosis, ó sì fi í sí ojú àwọn ọ̀bọ. Nǹkan wóró-wóró yọ sínú ìpéǹpéjú wọn. Ní 1927 ó kéde ìròyìn náà, inú àwọn dókítà ojú sì dùn, nítorí ẹni tó bá mọ ohun tó ń fa àrùn ti súnmọ́ oògùn rẹ̀.

Lọ́dún kan náà, ìròyìn mìíràn jáde láti Èkó. Adrian Stokes, ọmọ ilẹ̀ Ireland, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ Rockefeller ní Yaba, lo ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi, tí ibà mú ní Kpeve ní Gold Coast. Wọ́n fi í sára ọ̀bọ tí wọ́n kó wá láti Íńdíà, ọ̀bọ náà sì kú. Asibi yè. Fáírọ́ọ̀sì ni ohun tí wọ́n rí, kì í ṣe kòkòrò Noguchi. Stokes fúnra rẹ̀ kó ibà náà, ó sì kú ní Èkó ní oṣù Kẹsàn-án 1927.

Noguchi kò lè jókòó sí New York gbọ́ èyí. Oṣù Kọkànlá 1927 ló gúnlẹ̀ sí Accra. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọ̀bọ ló lò níbẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n èsì kan kò ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ní oṣù Karùn-ún 1928 ó wá sí Èkó. Ìgbà tó ń padà lọ ni àárẹ̀ mú un. Ibà pọ́njú tó ń wá ìdí rẹ̀ ló pa á lọ́jọ́ kọkànlélógún oṣù náà, ní ẹni ọdún 51. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, William Young, dókítà tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwádìí ní Accra, kú ikú kan náà.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọ̀rọ̀ trachoma náà fọ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Tang Feifan, onímọ̀ ilẹ̀ Ṣáínà, wà lára àwọn tó fi kòkòrò Noguchi sójú èèyàn, tí kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Àìsàn ọ̀bọ kì í ṣe ti èèyàn. Tang yìí kan náà ló rí ọ̀daràn gidi nínú ẹyin adìyẹ, tó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1957, tó sì fi í sí ojú ara rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e kí ó lè dájú. Ní 1958, àwọn onímọ̀ rí kòkòrò kan náà ní Gambia. Láti ibẹ̀ ni ìwádìí àwọn oògùn tó ń ṣẹ́gun rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ Asibi ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú tí Max Theiler ṣe ní 1937 ti wá. Òun ni wọ́n ń gún fún ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ní Nàìjíríà, títí kan Ìwéré-Ilé. Ní 1979 wọ́n dá ilé ìwádìí ìṣègùn tó ń jẹ́ orúkọ Noguchi sílẹ̀ ní Yunifásítì Ghana, ní Legon, àwòrán rẹ̀ sì wà lórí owó 1,000 yen ti Jàpáánù láti 2004 títí tí owó tuntun fi dé ní 2024. Ní 2018, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé Ghana, ilẹ̀ tó ti kú, ti borí trachoma, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà.

Akíkanjú ni Noguchi, kò sì sí ẹni tó lè gba èyí lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣìṣe rẹ̀ kò sí nínú pé ó lo ọ̀bọ. Ohun tó ṣe é ni pé ó gba ohun tí ọ̀bọ sọ lẹ́ẹ̀kan gbọ́, kó tó di pé ẹlòmíràn tún un wò. Gbogbo ẹni tí yóò bá kán oògùn sójú ọmọ rẹ̀ lónìí, lára àyẹ̀wò àtúnyẹ̀wò tí wọ́n kọ́ látinú irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ló ti ń jàǹfààní.