Paul de Vivie: Oníṣòwò ṣẹ́dà tí ìrìnàjò iṣẹ́ sọ di ọ̀gá àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ gun òkè

Lónìí, tí èèyàn bá gun kẹ̀kẹ́ dé ẹsẹ̀ òkè, yóò yí jíà, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fúyẹ́, yóò sì máa bá tiẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà tí àwọn èèkàn nídìí eré kẹ̀kẹ́ sọ pé ojo nìkan ló ń lo jíà. Ọ̀kan pàtàkì lára àwọn tó ta kò wọ́n ni Paul de Vivie, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Vélocio. Ọkùnrin yìí kì í ṣe ẹnjiníà, kì í sì í ṣe eléré ìdárayá tó ń sáré gba owó. Oníṣòwò ṣẹ́dà ni. Òwò ló ń gbé e rìnrìn àjò, ìrìnàjò náà ló sì wá gba òwò ọ̀hún lọ́wọ́ rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ tí à ń sọ níbí kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó èrò o. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni, èyí tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ wà.

Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀

Ọjọ́ 29, oṣù Kẹrin, ọdún 1853 ni wọ́n bí i ní Pernes-les-Fontaines, ìlú kékeré kan ní Vaucluse, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Ọ̀mọ̀wé ni. Ó fẹ́ràn ìwé àtijọ́ tí wọ́n fi èdè Gíríìkì àti Látìn kọ, ìfẹ́ yìí kò sì kúrò lára rẹ̀ títí tó fi darúgbó.

Nígbà tó tó àgbà, ó bọ́ sídìí òwò ṣẹ́dà ní Saint-Étienne. Ìlú oníṣẹ́ ọwọ́ ni Saint-Étienne nígbà náà. Wọ́n ń wa èédú níbẹ̀, wọ́n ń rọ ìbọn, wọ́n sì ń hun ríbọ́ọ̀nù ṣẹ́dà tí wọ́n ń kó lọ tà káàkiri. Òkè ló yí ìlú náà ká. Ẹni tó bá jáde nílé níbẹ̀, bí kò bá gòkè, yóò sọ̀kalẹ̀.

Lọ́dún 1881, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 28, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bá a ta tẹ́tẹ́ pé kò lè fi kẹ̀kẹ́ rin kìlómítà 100 láàárín wákàtí mẹ́fà. Kẹ̀kẹ́ ayé ìgbà yẹn sì rèé, táyà iwájú ga bíi àyà èèyàn, ti ẹ̀yìn kéré bíi ti ọmọdé. Ẹni tó bá ṣubú látorí rẹ̀, orí ló máa fi sọlẹ̀. De Vivie ra ọ̀kan, ó gba ọ̀nà olókè ní Auvergne lọ sí La Chaise-Dieu, ó sì jẹ tẹ́tẹ́ náà. Látọjọ́ yẹn lọ, ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ wọ̀ ọ́ lára.

Ìrìnàjò Coventry

Òwò ṣẹ́dà máa ń gbé e lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú kan tó sì kàn án gbọ̀ngbọ̀n níbẹ̀ ni Coventry. Coventry náà ti fìgbà kan jẹ́ ìlú ríbọ́ọ̀nù ṣẹ́dà bíi Saint-Étienne, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yẹn ti dẹnu kọlẹ̀ níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n wá ń ṣe. Ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ìlú tó tó o nídìí iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ nígbà náà.

Oníṣòwò mìíràn ì bá parí iṣẹ́ rẹ̀, kó wọ ọkọ̀ ojú omi, kó padà sílé. De Vivie kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣe kẹ̀kẹ́, ó ń ka ìwé ìròyìn àwọn oníkẹ̀kẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń gbé ohun tó rí wálé fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Saint-Étienne.

Lọ́dún 1887, ó ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ olórí ìdílé kò ní dábàá rẹ̀. Ó ta òwò ṣẹ́dà rẹ̀ tó ń mówó wọlé, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́, ó ń kó ọjà wá láti Coventry, ó sì dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀, èyí tí a wá mọ̀ sí Le Cycliste. Inú ìwé ìròyìn yìí ló ti ń fi orúkọ Vélocio kọ̀wé. Ó ní ìyàwó, ó sì ní ọmọ. Kì í ṣe pé kò ní ohun tó lè pàdánù.

Òkè tó kọ́ ọ lọ́gbọ́n

Lẹ́yìn Saint-Étienne, òkè kan wà tí wọ́n ń pè ní Col de la République, tí àwọn mìíràn ń pè ní Col du Grand Bois. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1,161. Láti ìgboro, nǹkan bíi kìlómítà 12 ni èèyàn máa fi gòkè láìdúró, láàárín igbó igi páìnì. Ibẹ̀ ni Vélocio ti máa ń dán ẹsẹ̀ rẹ̀ wò.

Ìtàn tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń sọ ni pé lọ́jọ́ kan lọ́dún 1889, ó ń làágùn lórí òkè náà nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin kan tó máa ń ka ìwé ìròyìn rẹ̀ yà á sílẹ̀, tó ń fa páìpù rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dun Vélocio, àmọ́ kàkà kó bínú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Kẹ̀kẹ́ tó bá fúyẹ́ fún òkè yóò lọ́ra jù lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Èyí tó bá sì yá lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú yóò pa èèyàn lórí òkè. Kí ló dé tí kẹ̀kẹ́ kan kò lè ṣe méjèèjì?

Ó fi irin eléyín kejì síbi ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ọ̀kan fún òkè, ọ̀kan fún ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, èèyàn ní láti sọ̀kalẹ̀, kó fi ọwọ́ gbé ṣéènì láti ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Ọwọ́ á kún fún gíríìsì, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ á sinmi. Nígbà tó yá, ó ṣe kẹ̀kẹ́ tó ní ìpele mẹ́rin. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Saint-Étienne kò sì dá dídán nǹkan wò dúró.

Ìjà òun àti ọ̀gá Tour de France

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló gba tirẹ̀. Ẹni tó le jù nínú àwọn alátakò ni Henri Desgrange, olóòtú ìwé ìròyìn tó dá ìdíje Tour de France sílẹ̀ ní 1903. Lójú Desgrange, agbára iṣan ló yẹ kó borí, kì í ṣe ọgbọ́n ẹ̀rọ. Ó ní kí wọ́n fi jíà sílẹ̀ fún àwọn tó ti lé ní ọdún 45.

Lọ́dún 1902, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sójú títì. Obìnrin kan, Marthe Hesse, gun Gauloise, kẹ̀kẹ́ Vélocio tó ní jíà mẹ́ta. Akọni eléré kan, Edouard Fischer, gun kẹ̀kẹ́ tí kò ní ju ìpele kan lọ. Kìlómítà 240 ni ọ̀nà náà, òkè sì pọ̀ níbẹ̀. Hesse ló borí. Síbẹ̀, Desgrange kò yí ohùn padà.

Ohun tó jọni lójú ni pé nígbà tí Tour àkọ́kọ́ wáyé ní 1903, orí òkè Vélocio gan-an, Col de la République, ni wọ́n gbà kọjá láìsí jíà.

Bó ṣe ń rin ìrìn tirẹ̀

Vélocio kò bá ẹnikẹ́ni du ife ẹ̀yẹ. Ohun tó fẹ́ ni kí òṣìṣẹ́ tó ní ìsinmi ọjọ́ kan tàbí méjì lè rí òkè, rí odò, kó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ láìṣàìsàn. Òun fúnra rẹ̀ máa ń rìn tọ̀sán tòru. Nígbà Àjíǹde, yóò kó àwọn ọ̀rẹ́ lẹ́yìn, wọn yóò sì kọrí sí gúúsù, sí Provence níbi tí wọ́n ti bí i.

Ó ní òfin méje tó fi ń kọ́ àwọn tó ń tẹ̀lé e, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ṣì ń tẹnu mọ́ ọn dòní. Kókó ibẹ̀ ni pé kéèyàn má dúró lemọ́lemọ́ lọ́nà, kó jẹun kí ebi tó pa á, kó mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́, kó wọṣọ kí òtútù tó mú un. Kó má fi gbogbo agbára rẹ̀ tán ní òwúrọ̀. Kó yẹra fún ọtí, ẹran àti tábà nígbà tó bá wà lójú ọ̀nà. Èyí tó gbẹ̀yìn ló wúwo jù, pé kéèyàn má ṣe tìtorí ṣekárími wa kẹ̀kẹ́. Òun náà kì í jẹ ẹran.

Ikú rẹ̀ àti ohun tó fi sílẹ̀

Òkè kò pa á, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kò pa á. Ní ọdún 1930, ó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sọdá títì ní Saint-Étienne nígbà tí ó fà sẹ́yìn fún mọ́tò kan, tíráàmù, ìyẹn ọkọ̀ orí irin tó ń rìn láàárín ìgboro, sì kọ lù ú. Ẹni ọdún 76 ni nígbà tó kú.

Kó tó kú, láti 1922, ni àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti ń péjọ lọ́dọọdún láti gun Col de la République láti fi bọlá fún un. Òkúta ìrántí rẹ̀ wà lórí òkè náà.

Ọdún méje lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1937, Tour de France gbà kí àwọn eléré lo kẹ̀kẹ́ tó ń yí jíà. Kò sí lókè eèpẹ̀ mọ́ láti rí i. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, àwọn tí kì í sá eré ìje, àwọn tó kàn fẹ́ gun òkè ní ọjọ́ ìsinmi wọn, ti ń lò ó tipẹ́, wọn kò sì dúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni.