Frederick Douglass àti Fọ́tò Rẹ̀

Ní oṣù kejì ọdún 1818 ni a bí Frederick Douglass sí oko ẹrú ní Maryland, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹrú ni Harriet Bailey, ìyá rẹ̀. Nítorí náà ẹrú ni òun pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí òfin ilẹ̀ náà. Ìkókó ni ó wà nígbà tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ìyá ìyá rẹ̀ ni ó sì tọ́ ọ. Oko tí wọ́n fi ìyá rẹ̀ sí jìnnà tó máìlì 12. Bí ó bá fẹ́ fi ojú kan ọmọ rẹ̀, òru ni yóò fi ẹsẹ̀ rìn wá lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Yóò sùn ti ọmọ náà títí oorun yóò fi gbé e lọ, yóò sì ti padà kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí pàṣán ni èrè ẹrú tí oòrùn bá yọ tí kò sí lóko. Ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún péré ni ọmọ náà mọ̀ pé òun rí i. Nígbà tí ó tó bí ọmọ ọdún méje, ìyá náà kú. Wọn kò jẹ́ kí ó dé ibi òkú rẹ̀. Kò sí àwòrán ìyá yìí kankan.

Ní ọdún 1838, Douglass sá lọ sí New York, níbi tí òfin ti fòpin sí oko ẹrú. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni Daguerre, ará Faransé, fi ọ̀nà fọ́tò yíyà han ayé. Awo bàbà tí a fi fàdákà bò ni wọ́n ń lò nígbà náà. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń kọ ojú ènìyàn sí i lára, ní dúdú àti funfun nìkan. Ẹni tí a ń yà kò gbọdọ̀ mira. Wọn a tilẹ̀ máa fi irin ti orí rẹ̀ lẹ́yìn. Ní nǹkan bí ọdún 1841 ni Douglass kọ́kọ́ jókòó níwájú ẹ̀rọ yìí.

Kì í ṣe fáàrí ni ó ń ṣe. Nínú ìwé ìròyìn ìgbà náà, ẹlẹ́yà ni wọ́n fi ń ya ènìyàn dúdú. Ní 1849, Douglass rí àwòrán ara rẹ̀ tí a fi ọwọ́ yà sínú ìwé kan, ojú náà tutù, ó sì rọ̀. Ó kọ̀wé pé ojú bẹ́ẹ̀ kò jọ ti ẹni tí ó sá kúrò lóko ẹrú. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ kò mọ ẹrú yàtọ̀ sí olówó rẹ̀.

Ojú ni ọ̀rọ̀ wà, ojú Douglass sì kún fún ọ̀rọ̀. Kì í sábà rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò. Kóòtù rẹ̀ mọ́, irun rẹ̀ kún, ojú rẹ̀ le koko bí ti agbẹjọ́rò tí ó ti béèrè ìbéèrè tí ó ń dúró de èsì. Ẹni tí a ti sọ fún pé ẹrú kì í ṣe ènìyàn kò ní mọ ibi tí yóò gbé ojú sí. Ní 1861 tí ogun abẹ́lé ń jà, àwòrán ni Douglass sọ àsọyé lé lórí ní Boston. Nǹkan bí 160 ni àwọn onímọ̀ rí nínú fọ́tò rẹ̀. Ti Ààrẹ Lincoln pàápàá kò tó bẹ́ẹ̀.

Nínú ìwé tí Prichard, oníṣègùn ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ nípa ẹ̀yà ènìyàn, àwòrán orí ọba Íjíbítì kan wà ní ojú ewé 157. Douglass rí i pé ó jọ ìyá òun. Ó kọ ọ́ sínú ìtàn ayé rẹ̀ ní 1855 pé lọ́pọ̀ ìgbà ni òun ń ṣí i wò, bí àwọn ẹlòmíràn ti ń wo àwòrán àwọn ènìyàn wọn tí ó ti kú. Ọkùnrin ni ọba náà, ó sì ti kú láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Títí Douglass fi kú ní 1895, kò ní àwòrán ìyá rẹ̀ mìíràn.