Dick Tiger, Abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò

Ní ọdún 1929, wọ́n bí ọmọkùnrin kan ní Amaigbo, ní ilẹ̀ Ígbò, ní Nàìjíríà. Richard Ihetu ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ó dàgbà, ó ń ṣòwò ní ìlú Aba. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Nítorí pé ó ń jà bí ẹkùn, wọ́n sọ ọ́ ní Dick Tiger.

Ní ọdún 1955, ó lọ sí Liverpool, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fẹ́ fi ẹ̀ṣẹ́ wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ó ja ìjà kìíní níbẹ̀, wọ́n borí rẹ̀. Ó ja èkejì, wọ́n borí rẹ̀. Ó ja ẹ̀kẹta, wọ́n tún borí rẹ̀. Ó ja ẹ̀kẹrin ńkọ́? Wọ́n borí rẹ̀!

Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ọmọ. Ilé jìnnà. Òtútù ń mú. Ẹlòmíràn ì bá ti di ẹrù rẹ̀, kí ó padà sílé. Dick Tiger kò padà. Ní tèmi, ìjà mẹ́rin yìí ni mo fẹ́ràn jù láti sọ nínú ìtàn rẹ̀.

Kí ni abẹ̀ṣẹ́ máa ń ṣe kí ó tó jà? Ní ìdájí, ó ń sáré. Ó ń fo okùn. Ó ń lu àpò ńlá tí wọ́n so rọ̀. Bí ó ti ṣe lónìí ni yóò ṣe lọ́la, bí ó rẹ̀ ẹ́, bí kò rẹ̀ ẹ́. Oúnjẹ pàápàá ní ìwọ̀n. Àwọn tí wọ́n wà ní ìpele Dick Tiger kò gbọ́dọ̀ wúwo ju kílò 72 àti ààbọ̀ lọ. Kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, wọn yóò gun orí òṣùwọ̀n níwájú gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó bá jẹ iyán ní àjẹjù, òṣùwọ̀n yóò tú àṣírí rẹ̀!

Díẹ̀díẹ̀, Dick Tiger bẹ̀rẹ̀ sí í borí. Ní ọdún 1958, ó borí Pat McAteer ní Liverpool níbẹ̀. Ní ọdún 1959, ó lọ sí Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1962, ó pàdé Gene Fullmer, ọkùnrin líle kan, ní San Francisco. Ìpele 15 ni wọ́n jà. Dick Tiger borí, ó sì di olúborí àgbáyé.

Wọ́n tún jà ní ọdún 1963, wọ́n ta ọ̀mì. Ta ni ó lágbára jù, nígbà náà? Wọ́n ní kí wọ́n jà lẹ́ẹ̀kẹta, kí wọ́n wá jà á ní Ìbàdàn.

Ìbàdàn kò jìnnà sí wa púpọ̀. Bí a bá kúrò ní Kétu, a ó kọjá ní Ìmẹ̀kọ, a ó dé Abẹ́òkúta, lẹ́yìn náà Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kún Pápá Ìṣeré Liberty. Irú ìjà bẹ́ẹ̀ kò wáyé rí ní Nàìjíríà. Agogo dún. Dick Tiger ń lu Fullmer, kò sinmi. Ìpele keje parí, Fullmer lọ jókòó. Nígbà tí ó kan ìpele kẹjọ, kò lè jáde mọ́. Ariwo ayọ̀ sọ! Pápá náà ṣì wà níbẹ̀. Orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni wọ́n fi ń pè é nísinsìnyí.

Ní ìparí ọdún yẹn kan náà, Joey Giardello borí Dick Tiger, ó gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Dick Tiger tún padà sí ìdí okùn fífò àti eré sísá. Ó tó nǹkan bí ọdún méjì kí wọ́n tó tún pàdé. Ní ọdún 1965, ó gba ipò rẹ̀ padà. Ní ọdún 1966, ó jáde sí àwọn tí wọ́n wúwo jù ú lọ. Ó borí José Torres láàárín wọn. Ọmọ ọdún 37 ni nígbà náà.

Àìsàn kọlù ú lẹ́yìn náà. Ó padà sí Aba, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní oṣù kejìlá ọdún 1971. Ọmọ ọdún 42 ni.