Spangler: Agbálẹ̀ Tó Ṣe Ẹ̀rọ Aláriwo

Lọ́sẹ̀ yìí, kì í ṣe ìtàn ọba tàbí ọ̀gágun ni mo gbé wá sára ògiri wa. Ìtàn agbálẹ̀ ni. James Murray Spangler lorúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe dé ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Màmá mi ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì kan ní Marina. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tó fi máa ń kúrò nílé wa nítòsí Jáńkárà. Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo bá a lọ láti ràn án lọ́wọ́. Fákúùmù tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ti pẹ́ gan-an, irin ni gbogbo ara rẹ̀, òòró ló sì ń dúró. Bí màmá mi ṣe tanná sí i báyìí, ariwo tó sọ ju ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata lọ! Mo sáré fọwọ́ di etí mi. Màmá kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó ti mọ́ àwọn lára. Àmọ́ nígbà tá a délé, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ kan kí wọ́n tó gbọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ẹni tó ṣe irú ẹ̀rọ yìí, àti ìdí tó fi ń pariwo.

Ọdún 1848 ni wọ́n bí Spangler ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n Ohio ló ti lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ ayé rẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀ kì í sinmi. Ní 1887, ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ ìkórè ọkà tó ṣe. Ní 1893, ó tún gba òmíràn lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kó koríko gbígbẹ jọ. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó sọ ọ́ di olówó nínú wọn. Nígbà tó fi máa sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, iṣẹ́ agbálẹ̀ ló ń ṣe ní ilé ìtajà ńlá kan tó ń jẹ́ Zollinger, ní ìlú Canton.

Wàhálà ibẹ̀ wá ni pé Spangler ní ásímà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní in nínú wa mọ bó ṣe máa ń rí lásìkò ọyẹ́, tí eruku bá gba gbogbo àdúgbò. Kápẹ́ẹ̀tì ló pọ̀ jù nínú ilé ìtajà náà, ohun tí wọ́n sì fi ń gbá a ń tú eruku sókè ni, imú Spangler ló sì ń gbà á. Bó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ló máa jẹ? Bó bá sì ń ṣe é lọ bẹ́ẹ̀, èémí rẹ̀ ńkọ́?

Ní 1907, ó wá dọ́gbọ́n sí i. Ó wá mọ́tọ̀ kékeré tó ń lo iná mànàmáná, ó so fáànù mọ́ ọn, ó fi búrọ́ọ̀ṣì tó ń yí sí iwájú. Ọ̀pá ìgbálẹ̀ ló fi ṣe ọwọ́ tó ń dì mú, àpò ìrọ̀rí ló sì fi gba eruku. Ẹ wò ó, àpò ìrọ̀rí o! Ẹ̀rọ náà ò dùn ún wò, àmọ́ ó ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà ọdún 1908, ìjọba fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀.

Kì í ṣe òun lẹni àkọ́kọ́ tó ronú fífa eruku. Ní 1901, Hubert Cecil Booth ti ṣe ọ̀kan ní London, ṣùgbọ́n ti Booth tóbi débi pé ẹṣin ló ń fà á kiri ìgboro, ariwo rẹ̀ sì máa ń dẹ́rù ba àwọn ẹṣin mìíràn. Èyí tí ẹnì kan ṣoṣo lè máa tì kiri inú ilé ni Spangler ṣe.

Ariwo yẹn ńkọ́? Bọ̀dá kan tó ń tún nǹkan oníná ṣe ládùúgbò wa tú ọ̀kan tó ti bàjẹ́ fún mi, ó fi hàn mí. Lákọ̀ọ́kọ́, mọ́tọ̀ inú rẹ̀ ń yí ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, èédú kéékèèké méjì sì ń ha á lára bó ṣe ń yí. Ìkejì, gẹ́gẹ́ bí Spangler ṣe tò ó, àárín fáànù ni eruku ń gbà kó tó dé inú àpò. Gbogbo iyanrìn àti pín-ìnnì tó bá fà ló ń lu abẹ fáànù, bí ìgbà tí èèyàn da òkúta sínú agolo mílíìkì tó wá ń mì ín. Nínú ọ̀pọ̀ èyí tó dé lẹ́yìn, inú àpò ni eruku ń kọ́kọ́ wọ̀, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń dé ibi fáànù. Ìkẹta, irin ni ara rẹ̀. Wọ́n fi irin ṣe é kó lè pẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń lò ó lójoojúmọ́ ní òtẹ́ẹ̀lì àti ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n irin máa ń dún bí agogo, kò sì sí fóòmù tó máa gbé ariwo mì nínú rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe pé ó lágbára ju àwọn tuntun lọ ló ṣe ń pariwo, bí wọ́n ṣe tò ó ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ bàbá wa. Spangler ò lówó tó lè fi ṣe ẹ̀rọ náà lọ́pọ̀ yanturu. Ọ̀kan dé ọwọ́ Susan Hoover, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Ọkọ obìnrin yìí, William Hoover, ń ta ohun èlò aláwọ tí wọ́n ń dè mọ́ ẹṣin, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sì ti fẹ́ ba ọjà yẹn jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní 1908 kan náà, ó ra ẹ̀tọ́ ẹ̀rọ náà. Ó fi Spangler sídìí iṣẹ́, ó sì ń fún un ní ìpín tirẹ̀ lórí ọjà. Wọn ò yàn án jẹ, àmọ́ orúkọ Hoover ló wà lára ẹ̀rọ. Títí dòní, fákúùmù èyíkéyìí, hoover ni àwọn ará London ń pè é. Spangler kú ní oṣù kìíní ọdún 1915. Mélòó nínú wa ló ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí?

Tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá bi mí ní kíláàsì pé iṣẹ́ wo ni màmá mi ń ṣe, mo máa ń ní ọ́fíìsì ni wọ́n wà, mo á sì dákẹ́ síbẹ̀. Mi ò ní dákẹ́ mọ́. Agbálẹ̀ ni wọ́n. Mo ti fi owó tí mo tọ́jú ra ìdíwọ́ etí fún wọn, irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ máa ń lò. Ẹ̀yin náà, tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ń gbálẹ̀ nílé ìwé wa, ẹ kí wọn, ẹ má sì ju ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sílẹ̀ lójú wọn. Ẹ ò mọ ohun tí wọ́n ń rò lọ́wọ́.