JOHN PHILIP SOUSA, Ọ̀GÁ AFUNFÈRÈ

Oníṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà ní ìbòòji. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ olórin ti rí láti ìgbà pípẹ́. Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa, ní ilé àti ní ẹ̀yìn odi, ẹ jẹ́ kí á gbé ìtàn ọkùnrin kan yẹ̀ wò, ẹni tí kò gbà kí ó rí bẹ́ẹ̀ títí láé.

A bí John Philip Sousa ní Washington, olú-ìlú Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 6, oṣù kọkànlá, ọdún 1854. Baba rẹ̀ jẹ́ afunfèrè nínú ẹgbẹ́ onífèrè-idẹ ti àwọn ọmọ-ogun Marine. Nígbà tí ọmọ náà di ẹni ọdún 13, ó ń pète àti sá tẹ̀lé àwọn tí ń fi ẹranko ṣeré káàkiri. Baba rẹ̀ gbọ́ sí i, ó sì fi í kọ́ṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ náà ní ọdún 1868. Ó kúrò níbẹ̀ ní 1875, ó ń ta gòjé, ó sì ń darí orin ní àwọn ilé eré. Ní 1880 ni a pè é padà láti wá ṣe ọ̀gá ẹgbẹ́ náà. Ọdún 12 ni ó lò, lábẹ́ Ààrẹ márùn-ún.

Ní 1889, orin ìyan rẹ̀ tí a pè ní The Washington Post gba Amẹ́ríkà àti Yúróòpù kan. Ṣùgbọ́n dọ́là 35 péré ni ó ti tà á pátápátá. Òǹtẹ̀wé ni ó jẹ èrè rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó kọ́gbọ́n pé kí òun máa gba ìpín lórí ìwé orin kọ̀ọ̀kan tí a bá tà.

Ní 1892, ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Láàárín 1910 sí 1911, wọ́n fun fèrè yí ayé ká, títí dé Gúúsù Afíríkà àti Ọsirélíà. Òun náà ni ó fẹ́ kí ẹnu túbà, fèrè ńlá olóhùn ìsàlẹ̀, kọjú sókè, kí ohùn rẹ̀ lè bo gbogbo ẹgbẹ́ dípò kí ó máa já lu àwọn olùgbọ́. Ilé-iṣẹ́ J. W. Pepper ní Philadelphia rọ irú rẹ̀ ní 1893, wọ́n sì fi orúkọ Sousa pè é: sousaphone.

Nígbà tí giramafóònù dé, àwọn tí ń ṣe àwo orin kò san kọ́bọ̀ fún ẹni tí ó kọ orin. Ní 1906, Sousa lọ rojọ́ níwájú àwọn aṣòfin. Òfin ọdún 1909 sì pàṣẹ pé kí wọ́n máa san sẹ́ǹtì 2 lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan.

Síbẹ̀, kì í ṣe olójúkòkòrò. Ní ìgbà ogun ọdún 1917, ẹni ọdún 62 ni, ó wọ iṣẹ́ ọmọ-ogun ojú omi láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní fèrè. Dọ́là 1 ni ó ń gbà lóṣù. Ẹni tí ó ta ọrẹ yàtọ̀ sí ẹni tí a rẹ́ jẹ.

Ó kú ní ìlú Reading, Pennsylvania, ní ọjọ́ 6, oṣù kẹta, 1932, lẹ́yìn tí ó ti darí ẹgbẹ́ onífèrè ìlú náà nínú ìdánrawò. Ní 1987, òfin sọ orin rẹ̀, The Stars and Stripes Forever, di orin ìyan orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà.

Nígbà tí a bá pe onílù tàbí afunfèrè sí òde wa, ẹ jẹ́ kí á rántí pé oúnjẹ àti ìyìn nìkan kọ́ ni owó iṣẹ́ rẹ̀.