Shirley Nolan: Ìyá tí Àìsàn Ọmọ Rẹ̀ Sọ di Olùrànlọ́wọ́ Ọmọ Ọlọ́mọ

Kò sí àdúgbò kan ní ìpínlẹ̀ wa tí a kò ti mọ ìnira tí àrùn inú ẹ̀jẹ̀ ń kó bá ẹbí. Ìdí nìyí tí a fi yan ìgbésí ayé olóògbé Shirley Nolan láti gbé yẹ̀wò.

Ní ọdún 1971 ni obìnrin yìí bí ọmọkùnrin rẹ̀, Anthony, ní orílẹ̀-èdè Australia. Ọmọ náà gbé àrùn tí à ń pè ní Wiskott-Aldrich wá sáyé. Àrùn yìí kì í jẹ́ kí ara lè bá kòkòrò àìsàn jà bí ó ti yẹ, kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá. Ohun tí ó lè wò ó sàn ni mùdùnmúdùn inú eegun ẹlòmíràn, nítorí inú mùdùnmúdùn ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni ni ara ń gbà. Àwọn àmì àjogúnbá kan wà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní HLA, tí ó gbọ́dọ̀ bára mu. Láàárín ọmọ ìyá àti bàbá kan náà, ìrètí pé yóò bára mu jẹ́ ẹyọ kan nínú mẹ́rin. Anthony kò rí ẹnìkan nínú ẹbí rẹ̀.

Ní 1973, àwọn dókítà ilé ìwòsàn Westminster ní London gba mùdùnmúdùn lára ẹni tí kì í ṣe ẹbí fún ọmọ kan, ó sì yọrí sí rere. Shirley gbọ́, ó sì gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni ó ti rí i pé kò sí ìwé kankan tí a kọ orúkọ àwọn tí ó ṣetán láti tọrẹ sí. Ní 1974, ó dá irú àkójọ orúkọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, àkọ́kọ́ ní gbogbo ayé. Ó ń tọrọ owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ó sì ń bẹ ará ìlú kí wọ́n wá forúkọ sílẹ̀.

Síbẹ̀, a kò rí ẹni tí tirẹ̀ bá ti Anthony mu. Ọmọ náà kú ní 1979, ní ọmọ ọdún méje. Bí ìyá rẹ̀ bá pa iṣẹ́ náà tì lọ́jọ́ náà, ta ni ìbá bá a wí? Kò pa á tì. Orúkọ ọmọ náà ni iṣẹ́ náà ń jẹ́ títí di òní. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn dá tiwọn sílẹ̀ lẹ́yìn náà, orúkọ tí ó ti wà nínú gbogbo wọn lágbàáyé sì ti ju mílíọ̀nù 40 lọ. Ní 2002 ni Shirley dágbére fáyé, lẹ́yìn tí ó ti bá àrùn Parkinson fínra fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ kò tíì parí, pàápàá fún àwa aláwọ̀ dúdú. Láàárín àwọn tí orírun wọn jọra ni àmì HLA ti sábà máa ń bára mu, orúkọ àwọn ọmọ Áfíríkà kò sì pọ̀ nínú àwọn àkójọ náà. Nítorí náà ni ó ṣe ṣòro fún ọmọ wa tí ó wà ní London tàbí ní Amẹ́ríkà láti rí olùtọrẹ. Nílé níbí, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn kan ní Benin ti ṣe irú ìtọ́jú yìí fún ọmọ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ní 2011, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ṣì ga ju agbára ọ̀pọ̀ ẹbí lọ.

A rọ gbogbo olùgbé ìpínlẹ̀ yìí, àti àwọn ọmọ wa tí ó wà lókè òkun, pé kí wọ́n má ṣe bẹ̀rù àtiforúkọ sílẹ̀. Láti inú iṣan apá ni a ti sábà máa ń gba ọrẹ náà báyìí, ara a sì máa dá ohun tí a gbà padà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Shirley Nolan mọ èyí, ó sì ké sí ọwọ́ mìíràn.